Omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun mi, àyà kò sì ta mí rárá. Ṣé ásíìdì ni?

Olùkọ́KíláàsìKẹrin
Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí nǹkan kan ti ń ṣe ọ̀fun mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, ohùn mi á ti há bí ohùn ẹni tó pariwo mọ́jú. Kó tó di aago mẹ́wàá, á ti là díẹ̀. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń ṣe "hẹ̀m, hẹ̀m" láti ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mo rò pé ó wà lọ́fun, kò sì sí ohun tó ń jáde. Ó máa ń ṣe mí bíi pé hóró oògùn kan há síbi gògóńgò mi. Mo ń jẹun, mo ń mu omi, kò dí mi lọ́wọ́, àmọ́ tí mo bá ti gbé itọ́ lásán mì báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n lára nìyẹn.

Èyí tó mú mi kọ̀wé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru àná. Ikọ́ ló jí mi ní nǹkan bí aago méjì. Bí mo ṣe dìde jókòó, omi kan tó kan bí ọtí kíkan ti dé ọ̀fun mi, ó ń ta mí lẹ́yìn ahọ́n. Mo húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi tan iná, ó ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń bi mí pé kí ló dé, mi ò sì lè dá a lóhùn, nítorí ohùn ò jáde. Nígbà tí mo fi omi yọ ẹnu, ó lọ. Àyà kò ta mí. Inú kò run mí. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ní ásíìdì ló máa ń sọ pé àyà ń jó àwọn bí iná, èmi ò mọ irú ẹ̀ rí.

Olùkọ́ ni mí, ọmọ ọdún 43, ohùn ni mo fi ń jẹun. Mi ò fa sìgá, mi ò mu ọtí. Ṣé ásíìdì lè máa yọ èèyàn lẹ́nu láìsí ìrora kankan? Àbí nǹkan míì ni mò ń fojú kéré?

AlátòÈgbè
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, olùkọ́. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, torí bó ṣe ṣe mí náà gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Akọrin ni mí. Ohùn òkè mi ló kọ́kọ́ lọ. Tí mo bá fẹ́ gun orí ohùn, á kàn já, á dà bí ìgbà tí okùn bá já lọ́wọ́ èèyàn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lo oògùn ikọ́, oògùn òtútù àti oògùn kòkòrò. Kò sí ẹni tó dárúkọ ásíìdì fún mi, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé àyà ń ta yín?" Tí mo bá ti ní rárá, ó tán.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìsí ìrora lé yín padà sílé.

Nọ́ọ̀sìÒru
Ọjọ́ Ajé, 11:52 alẹ́

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi àyè díẹ̀ tí mo rí ṣàlàyé.

Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Iṣan kan tó yípo bí òrùka wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn wà lókè, lẹ́yìn gògóńgò. Tí ti ìsàlẹ̀ bá dẹ̀ nígbà tí kò yẹ, omi inú ikùn á gòkè. Bó bá dúró pẹ́ nínú ọ̀nà oúnjẹ, ibẹ̀ á bó, àyà á sì máa ta èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá sáré gòkè, tó gba òrùka òkè kọjá, tó kan ọ̀fun, tó sì padà sílẹ̀ kíá, àyà lè má mọ̀ pé ohunkóhun kọjá. Ọ̀nà oúnjẹ lágbára ju ọ̀fun lọ: itọ́ tí à ń gbé mì ń fọ̀ ọ́, iṣan rẹ̀ náà sì ń ti nǹkan padà sísàlẹ̀. Gògóńgò kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba tí àyà ò ní kà sí lè mú kí gògóńgò wú.

Ásíìdì nìkan kọ́ ló sì ń gòkè. Pepsin, èròjà tó ń bá wa lọ oúnjẹ nínú ikùn, ń bá a rìn. Ó lè lẹ̀ mọ́ ara ọ̀fun kó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó sùn, tí nǹkan kíkan míì bá wá kàn án, ì báà jẹ́ látìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ ohun mímu kíkan tí ẹ gbé sẹ́nu, á tún jí.

Àwọn dókítà ń pè é ní LPR (laryngopharyngeal reflux), ìyẹn omi ikùn tó ń gòkè dé ọ̀fun. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ásíìdì tí kì í pariwo là ń pè é.

Ìbéèrè mi rèé, olùkọ́. Aago mélòó lẹ máa ń jẹun alẹ́, aago mélòó lẹ sì ń sùn? Oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé oúnjẹ ń há yín lọ́fun? Ṣé ẹ ti rù? Ṣé kókó kankan wà lọ́rùn yín? Ṣé etí ń dùn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ má fo ọ̀kankan.

Baba_Onímọ̀ràn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu jù. Ẹ ra omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì ikùn kù, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, á lọ. Èmi náà lò ó, ó sì lọ. Dókítà máa kàn gba àkókò yín ni.

ApoògùnObìnrin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o, bàbá. Inú mi dùn pé ó ṣiṣẹ́ fún yín, àmọ́ ẹ fojú jìn mí, mi ò lè jẹ́ kí ìmọ̀ràn yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń ta oògùn yẹn fún àwọn èèyàn lójoojúmọ́, mo sì ń rí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Fún àyà títa, omeprazole àti àwọn ẹbí rẹ̀ dára gan-an. Ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ọgbẹ́ inú. Ohùn tó há àti ọ̀fun tó ń yọni lẹ́nu láìsí àyà títa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ní Ìlú Ọba, wọ́n pín èèyàn 346 tí ọ̀fun ń yọ lẹ́nu sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan lo lansoprazole, ọ̀kan lára ẹbí omeprazole, 30mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, àwọn tó kù lo hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ọdún 2021 ni èsì rẹ̀ jáde. Ara àwọn méjèèjì fúyẹ́ díẹ̀, àwọn tó lo oògùn gidi ò sì sàn ju àwọn tó kù lọ.

Mi ò sọ pé oògùn náà ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá lò ó tí kò ṣiṣẹ́, ìyẹn ò fi hàn pé ẹ nílò èyí tó lágbára jù. Bí ara yín bá sì fúyẹ́, ìyẹn náà ò fi hàn dájú pé ásíìdì ni.

Tí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ ni ẹ máa lò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n á wá ní oògùn ò dáa. Ẹni tó bá sì ti lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kàn já a sílẹ̀ lójijì, torí ikùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ẹni náà á rò pé àìsàn ọ̀hún ló padà.

ỌmọBàbáRẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ oògùn tí nọ́ọ̀sì béèrè yẹn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bàbá mi húkọ́ fún oṣù márùn-ún. Ikọ́ gbígbẹ, ọ̀fun ń yún wọn. A yọ oúnjẹ oríṣiríṣi kúrò nínú tiwọn, a gbé orí ibùsùn wọn sókè, kò yí padà. Ìgbà tí dókítà tuntun ní kí a da gbogbo oògùn wọn sórí tábìlì ló tó hàn pé lisinopril tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí rẹ̀. Ó pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn, láàárín oṣù kan ikọ́ dáwọ́ dúró. Bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn mọ́jú.

ApoògùnObìnrin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:58 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Enalapril àti ramipril náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì bíi nifedipine lè dẹ òrùka ìsàlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra ẹ̀ nítorí ohun tí mo kọ yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Olùkọ́KíláàsìKẹrin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:47 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo kà á títí, èmi àti ìyàwó mi la jọ kà á.

Ìdáhùn mi: oúnjẹ ò há mi lọ́fun. Mi ò rù, kódà mo sanra díẹ̀ sí i lọ́dún yìí, ṣòkòtò mi ti ń fún mi níkùn. Kò sí kókó lọ́rùn. Etí ò dùn mí. Ibuprofen nìkan ni oògùn tí mo ń lò nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ti oúnjẹ alẹ́ ni ojú ń tì mí láti sọ. Mo máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí n tó jẹun, màá sì jẹ àjẹyó torí mi ò jẹ nǹkan gidi lọ́sàn-án. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mo ti dùbúlẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÒru
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:33 alẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ìdáhùn tí mo ń wá nìyẹn.

Tí a bá dúró, omi ikùn máa ń wà nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí a bá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó kún, òrùka yẹn nìkan ló kù tó ń dá a dúró. A kì í sì í gbé itọ́ mì púpọ̀ lójú oorun, nítorí náà ohun tó bá gòkè á pẹ́ kó tó lọ. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta ó kéré tán sáàárín oúnjẹ àti ibùsùn. Ẹ jẹun dáadáa lọ́sàn-án, kí ti alẹ́ kéré. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, torí bí ikùn ṣe tẹ̀ sí, tí ẹ bá fi òsì sùn, ẹnu ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé máa ń wà lókè omi inú rẹ̀.

Ẹ gbé orí ibùsùn sókè pẹ̀lú. Mo sọ orí ibùsùn, mi ò sọ ìrọ̀rí o! Ìrọ̀rí mẹ́ta tí èèyàn tò jọ máa ń ká a ní ìbàdí, á fún ikùn pọ̀, omi á tún gòkè sí i. Pákó tó nípọn dáadáa ni kí ẹ fi sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn méjèèjì tó wà níhà orí, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Kí bẹ́líìtì tàbí ṣòkòtò má fún yín níkùn. Tí ẹ bá dín díẹ̀ kù nínú ìwúwo ara yín, á ràn yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ọ̀rá, kọfí, ṣokoléètì, míǹtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì wo èyí tó ń bá yín jà gan-an. Ẹ má yọ gbogbo oúnjẹ tán kí ebi máa pa yín lásán.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n gbé jáde ní 2002. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, ẹ máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé 5: ohùn tó há, ọ̀fun híha, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ lọ́fun, ìṣòro àtigbé oúnjẹ tàbí oògùn mì, ikọ́ lẹ́yìn oúnjẹ tàbí téèyàn bá dùbúlẹ̀, èémí tó ń há, ikọ́ tó ń dààmú ẹni, ìmọ̀lára pé nǹkan há sí ọ̀fun, àti àyà títa tàbí omi kíkan tó ń gòkè. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 13 lọ, a máa ń fura sí LPR. Mélòó ni tiyín?

Olùkọ́KíláàsìKẹrin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:02 alẹ́

Bó ṣe tò ó: 4, 5, 4, 0, 3, 2, 2, 4, 1. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 25.

AlátòÈgbè
Ọjọ́ Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí dókítà etí, imú àti ọ̀fun wo inú ọ̀fun yín, ẹ jọ̀ọ́. Máàkì yẹn lè ga nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ imú tó ń ṣàn sẹ́yìn, tàbí nítorí pé ẹ ń pariwo fún àwọn ọmọ látàárọ̀. Ìwé náà ò mọ ìyàtọ̀. Èmi fi ọdún kan ṣòfò kí wọ́n tó wo temi.

Àyẹ̀wò náà ò le. Wọ́n fọ́n oògùn tó ń pa ara kú sí ihò imú mi, ó korò, ẹ̀yìn ọ̀fun mi kú tipiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ gba imú mi wọlé. Mo ń wo tán-án-ná mi lójú amóhùnmáwòrán, awẹ́ funfun méjì tó ń ṣí tó ń pàdé. Dókítà ní kí n sọ "íííí", awẹ́ méjèèjì sì pàdé. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí gbogbo ẹ̀ fi parí.

Ohùn tó bá ti há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ó yẹ kí ẹnì kan wò ó. Oṣù mẹ́ta ni tiyín.

Baba_Onímọ̀ràn
Ọjọ́ Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Olùkọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Àyà ta èmi nígbà tèmi, mi ò ro ti ìyàtọ̀ yẹn.

Olùkọ́KíláàsìKẹrin
Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní dà bí àwọn tó ń béèrè ìbéèrè tí wọn kì í padà wá sọ ibi tó já sí.

Mo lọ. Dókítà fi kámẹ́rà wò mí. Kò sí kókó, kò sí egbò, tán-án-ná mi ń lọ dáadáa. Ẹ̀yìn gògóńgò mi wú díẹ̀, ó sì pọ́n. Mo ní, "Ásíìdì nìyẹn?" Ó ní òun ò lè fi pípọ́n nìkan búra, torí ara pípọ́n bẹ́ẹ̀ wà lọ́fun ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe. Ó ní àpapọ̀ ohun tí mo sọ, pàápàá omi kíkan òru yẹn, ló jẹ́ kí òun fura sí i. Mo fẹ́ràn pé kò purọ́ ìdánilójú fún mi.

Kò kọ omeprazole. Oògùn olómi tí wọ́n fi ewéko òkun ṣe, èyí tó ní alginate nínú, ló fún mi láti máa lò lẹ́yìn oúnjẹ àti nígbà tí mo bá fẹ́ sùn. Ó ṣàlàyé pé á léfòó sórí omi ikùn bí ìdérí. Ó ní tí mi ò bá gbádùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú mi fún wákàtí 24 láti ka iye ìgbà tí omi ikùn ń gòkè.

Ó tún fi mí ránṣẹ́ sí onímọ̀ ohùn. Òun ló ṣí mi lójú jù lọ nípa "hẹ̀m" yẹn. Ó ní nígbàkigbà tí mo bá ha ọ̀fun, ńṣe ni mò ń gbá tán-án-ná méjèèjì mọ́ra wọn, wọ́n á wú, wíwú náà á tún máa ṣe mí bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, màá tún ha á. Ó ní kí n mu omi díẹ̀, tàbí kí n gbé itọ́ mì kí n tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le gan-an. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń bá mi ṣọ́ ọ: tí mo bá ti ṣe "hẹ̀m", wọ́n á nawọ́ sí ìgò omi mi.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mò ń jẹun báyìí, lẹ́yìn náà ni mò ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Pákó wà lábẹ́ ibùsùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò rí ìyàtọ̀, ó sú mi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo jí lọ́jọ́ kan, mo kí ìyàwó mi, ó wò mí, ó ní, "Ohùn yín là." Lánàá mo tún dáhùn ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn: 11. Ohun tó há sí ọ̀fun yẹn ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá gbà mí lọ́kàn. Omi òru kò tíì padà wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àlejò_Tuntun
Ọjọ́ Àìkú, 1:03 ọ̀sán

Ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi, ọmọ ọdún 61, àyà ò ta àwọn náà rí. Ohùn wọn há. Láti oṣù tó kọjá, ẹran ń há wọn láyà, wọ́n ní omi ló máa ń tì í lọ, ní báyìí oúnjẹ rírọ̀ náà ti ń lọ́ra. Aṣọ wọn ti ń tóbi sí wọn lọ́rùn. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ alginate yẹn fún wọn?

Nọ́ọ̀sìÒru
Ọjọ́ Àìkú, 1:09 ọ̀sán

Rárá o. Tìyá yín yàtọ̀ sí ti olùkọ́. Oúnjẹ tó ń há, tó ń burú sí i, pẹ̀lú rírù, kì í ṣe ohun tí a ń fi ìtọ́jú ilé dán wò. Wọ́n nílò kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀nà oúnjẹ títí dé inú ikùn, láìpẹ́. Ó lè jẹ́ ohun tí kò tó nǹkan, ó sì lè jẹ́ ohun tó yẹ kí a tètè rí. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la, ẹ sọ "oúnjẹ ń há, wọ́n sì ń rù" fún un ṣáájú ohunkóhun míì. Tí wọn ò bá lè gbé omi tàbí itọ́ mì rárá, tí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọ̀la.

Àlejò_Tuntun
Ọjọ́ Ajé, 10:48 àárọ̀

A ti wà lọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n dá fún kámẹ́rà. Màmá ní kí n kí yín.